Orin Ẹni Méje Lọ́wọ́ Ẹnì Kan

Ẹni tó bá fẹ́ fi ohun èlò kan ṣoṣo ta orin tí ènìyàn mẹ́fà tàbí méje máa ń jókòó ta pọ̀, ìbéèrè kan wà tí kò ní lè yẹra fún: nígbà tí kò sí ẹlòmíì níjókòó, ta ni yóò máa yà lọ́nà fún? Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń ta fáyólìn, nídìí orin Jiangnan sizhu ti ilẹ̀ Ṣáínà ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí mo mọ̀ nípa gbígbé orin yìí wá sórí fáyólìn kan ṣoṣo, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Jiangnan ni wọ́n ń pe ilẹ̀ tó wà ní gúúsù ìsàlẹ̀ odò Yangtze: Shanghai, gúúsù Jiangsu àti àríwá Zhejiang. Sizhu ni orin tí àwọn olókùn àti àwọn onífèrè ọparun ibẹ̀ ń ṣe pọ̀. Ṣẹ́dà ni wọ́n fi ń ṣe okùn wọn nígbà kan. Irin ló pọ̀ jù lónìí. Dizi wà níbẹ̀, fèrè ọparun tí wọ́n ń fọn níbùú, tí wọ́n lẹ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ihò kan lára rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè máa gbọ̀n, kó sì máa dán. Xiao wà níbẹ̀, fèrè tí wọ́n ń fọn lóròó, ohùn tirẹ̀ tutù. Pipa olókùn mẹ́rin àti sanxian olókùn mẹ́ta ni wọ́n ń fi ọwọ́ ta. Yangqin ní okùn púpọ̀ lórí àpótí kan, ọ̀pá ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi ń lù ú. Sheng jẹ́ ìdì ọ̀pá ọparun tí ẹnu kan ṣoṣo ń fọn, ó sì lè dún ohùn méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan á tún mú pákó àti ìlù kékeré dání láti máa pa ìlù mọ́ fún gbogbo wọn.

Erhu ló sún mọ́ wa jù. Ẹni tó bá ti gbọ́ gòjé nínú orin sákárà Yusuf Olatunji ti mọ ẹbí rẹ̀. Awọ ejò tàbí ti awọ́nrínwọ́n ni wọ́n fi ń bo ojú gòjé, awọ òjòlá ni wọ́n fi ń bo ojú erhu. Ọrun onírun ẹṣin ni wọ́n sì fi ń fa àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n okùn kan ni gòjé ní. Erhu ní méjì, àárín okùn méjèèjì ni irun ọrun rẹ̀ sì há sí. Igi olójú mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ni ikùn rẹ̀, kò sì ní pákó kankan lábẹ́ okùn tí ìka lè tẹ okùn mọ́. Orí afẹ́fẹ́ ni ìka ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ilé tíì ni orin yìí ń gbé. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Huxinting, tó dúró lórí omi lẹ́bàá ọgbà Yu ní Shanghai. Àwọn olórin á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á kọjú síra wọn, wọn kì í kọjú sí èrò. Èyí tó pọ̀ nínú wọn kì í fi orin jẹun. Ẹni tó ta pipa lọ́sẹ̀ yìí lè gba erhu lọ́wọ́ ẹlòmíì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó dúró níwájú tó ń ju ọwọ́ láti darí wọn. Ní 2006, orin yìí wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ìjọba Ṣáínà kọ sínú àkójọ àṣà àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà, èyí tó dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé àwọn àgbà ló pọ̀ jù nídìí tábìlì wọ̀nyẹn.

Nínú dùndún, gbogbo wa la mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìyáàlù ń sọ tirẹ̀, àwọn yòókù ń gbè é. Sizhu kò rí bẹ́ẹ̀. Orin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń ta ní àkókò kan náà, kò sí ẹni tó ń gbè fún ẹnì kan. Ìyá orin wà lọ́kàn gbogbo wọn, kálukú sì ń wọ aṣọ fún un bí ohun èlò ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe gbà. Ẹ jẹ́ ká mú ohùn kan ṣoṣo nínú orin náà, ohùn tó gùn tó ìlù méjì. Onídizi á fọn ọ́n lọ tààrà, á wá fi ìka ṣe ọ̀ṣọ́ kíákíá sí ìparí rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Pipa kò lè fa ohùn gùn, nítorí náà oní-pipa á máa fi ìka márààrún gbá okùn náà ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé láìdáwọ́ dúró. Oní-yangqin á lu ohùn náà nísàlẹ̀, á lù ú lókè, á tún padà sísàlẹ̀. Oní-erhu á pẹ́ díẹ̀ kó tó débẹ̀. Láti abẹ́ ohùn náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò wá rọra yọ́ gòkè bá a. Sheng á kàn dúró lórí rẹ̀ ni. Ohùn kan ni, ọ̀nà márùn-ún ni etí ń gbà gbọ́ ọ.

Kí ló wá dé tí kò di ariwo? Wọ́n ń yà lọ́nà fún ara wọn ni. Òfin kan wà tí àwọn olórin náà ń fi ẹnu kọ́ ọmọ ẹ̀kọ́: bí tìrẹ bá dí, kí tèmi fúyẹ́, bí o bá gòkè, kí èmi wá sísàlẹ̀. Bí onídizi bá ti ń kó ọ̀ṣọ́ lé ọ̀ṣọ́, oní-erhu á dín tirẹ̀ kù sí ohùn méjì mẹ́ta. Bí àlàfo bá ṣí sílẹ̀ ní òpin gbólóhùn orin, yangqin á bọ́ sínú rẹ̀, á sì tètè jáde. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn ṣáájú pé ibi báyìí ni kí o ti yà. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, lọ́la ibòmíràn ni wọn yóò ti yà.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀nà méjì tó yá jù láti gbé sizhu sórí ohun èlò kan ló burú jù lójú mi. Ọ̀nà kìíní ni kí ènìyàn gbọ́ ohun tí erhu ta nínú ẹgbẹ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì ta á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó dà bíi pé ó bọ́gbọ́n mu, ṣebí erhu ń lo ọrun, fáyólìn náà ń lo ọrun. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí erhu ti yà fún dizi yóò ṣófo nígbà tí dizi kò bá sí níbẹ̀. Ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa: à ń gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni", à ń gbọ́ "ó dọ̀la", a ò sì gbọ́ ohun tí wọ́n bi í. Ọ̀nà kejì ni kí ènìyàn kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: ọ̀ṣọ́ dizi, gbígbá pipa, fífò yangqin láti ìsàlẹ̀ sí òkè, kó rọ́ gbogbo wọn sórí okùn mẹ́rin. Mo ti gbọ́ èyí lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n gboyè nínú orin. Ìka wọn yá gidigidi, mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n orin tí kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè gbà wọlé kì í ṣe sizhu mọ́, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ péye tó.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń gbé orin ẹgbẹ́ wá sọ́wọ́ ẹnì kan ní Ṣáínà. Liu Tianhua, ọmọ Jiangyin ní Jiangsu tí wọ́n bí ní 1895, kọ́ erhu ti ilé, ó sì tún kọ́ fáyólìn. Òun ló mú erhu kúrò nídìí ègbè, tó gbé e sórí ìtàgé láti dá dúró. Orin mẹ́wàá ló kọ fún un, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Beijing ní 1927 láti tún orin ìbílẹ̀ ṣe. Ibi tó ti lọ ń kọ orin agogo àti ìlù àwọn ará Tianqiao sílẹ̀ ní Beijing ni àìsàn ti mú un, tó sì kú ní 1932 lẹ́ni ọdún 37. Mo máa ń rántí èyí dáadáa. Ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni tó sọ erhu di ohun èlò àdáta, ìdí orin ẹgbẹ́ ni ikú ti bá a.

Huang Haihuai ni mo tún fẹ́ràn. Ní gúúsù Liaoning, lókè lọ́hùn-ún lápá àríwá-ìlà-oòrùn, àwọn onífèrè àti onílù ní orin kan tí wọ́n ń pè ní Jiang He Shui. Àwọn kan ti sọ ọ́ di orin guan oníbejì, fèrè tí ohùn rẹ̀ dún bí ẹkún, kí Huang tó gbé e sórí erhu. Ó gbé e wá síbi ìdíje erhu ní Shanghai ní 1963. Min Huifen, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 nígbà náà, ló gba ipò kìíní níbi ìdíje yẹn, òun náà ló sì wá gbé Jiang He Shui dé etí ayé lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ wo ohun tí Huang ṣe. Kò gbé ìlù wá, kò sì gbé àwọn fèrè yòókù wá. Guan nìkan ló mú. Nítorí pé erhu kò ní pákó lábẹ́ okùn, ìka lè ti okùn wọnú, ohùn á máa ga, á máa lọ sílẹ̀ lábẹ́ ìka kan náà láìsún kúrò lójú kan. Ibẹ̀ ni ẹkún guan ti jáde.

Fáyólìn kò lè ṣe ìyẹn. Bí ìka bá tẹ okùn, igi ni yóò bá. Ẹni tó fẹ́ kí fáyólìn sunkún bí erhu gbọ́dọ̀ yí ìka sí ẹ̀gbẹ́, kó sì jẹ́ kí ọrun ṣe ìyókù. Àwọn ọ̀dọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga orin ní Shanghai tí wọ́n kóra jọ láti 1958, tí He Zhanhao wà lára wọn, ló la ọ̀nà yìí fún wa. Nínú Liang Zhu, orin fáyólìn tí òun àti Chen Gang kọ, tí Yu Lina sì fi fáyólìn ta ní 1959, wọ́n mú bí àwọn òṣèré eré orin Yue ṣe ń yọ́ láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n fi kọ́ ìka ọwọ́ òsì. A jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ olóhun-èlò orin ńlá ló wà lẹ́yìn Yu Lina, ẹkún ẹnu kan sì ni Jiang He Shui. Nínú sizhu, ẹnu pọ̀, kò sì sí ẹkún níbẹ̀.

Orin tí mo ti bá ṣiṣẹ́ jù ni Zhonghua Liuban, ọ̀kan nínú mẹ́jọ tí wọ́n kà sí olórí orin sizhu. Ìyá rẹ̀ ni Lao Liuban, orin kékeré tó yára, tí ohùn rẹ̀ kò pọ̀. Bí wọ́n ṣe bí ọmọ náà ni pé wọ́n dẹ ìyá lẹ́sẹ̀, wọ́n wá fi ọ̀ṣọ́ kún àyè tó ṣí sílẹ̀ láàárín ohùn kan sí èkejì. Bí wọ́n bá tún dẹ ìyẹn lẹ́sẹ̀, tí wọ́n tún fi ọ̀ṣọ́ kún un, ó di Man Liuban. Ìdílé yìí jẹ́ márùn-ún, nígbà mìíràn wọ́n á ta wọ́n tẹ̀léra láti orí èyí tó falẹ̀ jù dé orí ìyá fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan Zhonghua Liuban kó tó lè fi ẹnu kọ Lao Liuban láìro ó. Ẹni tí kò mọ ìyá kò lè mọ èwo nínú gbogbo ohùn wọ̀nyẹn ni egungun, èwo ni ọ̀ṣọ́. Ọ̀ṣọ́ nìkan sì ni ènìyàn láṣẹ láti yí padà.

Lórí D ni wọ́n sábà máa ń gbé orin náà kà, èyí sì bá fáyólìn mu dáadáa, torí pé okùn erhu méjèèjì, D àti A, ohùn wọn bá ti okùn méjì àárín fáyólìn dọ́gba gẹ́lẹ́. Okùn E máa ń dún ganran bí ìka kò bá sí lórí rẹ̀. Mo máa ń fi ìka kẹrin wá ohùn yẹn lórí okùn A. Okùn G ló ní wàhálà jù, wàhálà rẹ̀ kò sì hàn sójú. Àwọn tó ń ta erhu láyé àtijọ́ ní Jiangnan kì í gbé ọwọ́ kúrò ní òkè ọrùn ohun èlò náà. Bí orin bá ń sọ̀kalẹ̀ tó sì kọjá D, okùn ti tán nìyẹn. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbé ohùn tó kàn fò sókè, wọ́n á ta á ní ìlọ́po rẹ̀ lókè, wọ́n á sì padà wálẹ̀ níbi tí ààyè bá ti gbà. Dizi náà ń fò, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni tirẹ̀. Nítorí náà, lójú kan náà, orin ń sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ń fò lọ́wọ́ ẹnì kejì. Àìtó okùn ló bí i, àmọ́ fífò yẹn ti di adùn orin náà. Fáyólìn ní okùn G lábẹ́, kò sí ohun tó ní kó fò. Àwọn tó ń ṣe àtúntò sábà máa ń lò ó láti tẹ́ orin náà pẹrẹsẹ, kó máa lọ geere. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí gbólóhùn bá wá, mo máa ń fò bí erhu ṣe ń fò. Bí ó bá padà wá, mo lè sọ̀kalẹ̀ lọ bá G, ohùn sanxian ni mo sì máa ń ní lọ́kàn níbẹ̀: ọrun kúkurú, kò gbọdọ̀ fà.

Báyìí ni mo ṣe ń yà lọ́nà fún ara mi. Mi ò kì í jẹ́ kí ohun èlò méjì sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi. Bí gbólóhùn kan bá jẹ́ ti dizi, ó di ti dizi dé òpin: ọrun fúyẹ́, ìka kò gbọ̀n, ọ̀ṣọ́ wà níparí ohùn. Èyí tó tẹ̀lé e lè jẹ́ ti erhu, kí ìka yọ́, kí ọrun kan ṣoṣo máa ru sókè sódò nínú, èyí tí àwọn olórin ibẹ̀ ń pè ní ọrun onígbì. Níbi tí gbólóhùn bá ti parí, mo lè fa D àti A pọ̀, ìyẹn sheng. Ìlù kan ó tó, kí n sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ ń retí kí yangqin bọ́ sínú àlàfo, mo máa ń fi àlàfo náà sílẹ̀ lófìfo. Ó ṣòro. Ọwọ́ adáta kò fẹ́ àlàfo, ẹ̀rù máa ń bà á pé àwọn èèyàn á rò pé ó ti gbàgbé. Ní ibì kan tàbí méjì péré ni mo ti máa ń fi ìka ọwọ́ òsì já okùn D gbà, wẹ́rẹ́, bí pipa. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti di ìdárayá.

Bàbá kan wà, onídizi, tí mo máa ń jókòó tì nílé tíì. Nígbà tí mo ta àtúntò kan fún un, ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "O ti ta gbogbo rẹ̀ tán. Ibo lo fẹ́ kí n gbà wọlé?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ohun tó sọ díwọ̀n iṣẹ́ mi. Bí mo bá parí àtúntò kan, mo máa ń wá onífèrè, mo ń ta á, mo sì ń ní kó wọlé nígbà tó bá wù ú. Bí ó bá lè wọlé láìjẹ́ pé mo yí ohunkóhun padà, tí àwa méjèèjì sì wá di ẹgbẹ́, àtúntò náà dára. Bí ó bá di dandan kí n dákẹ́ kó tó ráyè, mo máa ń padà lọ gé e.

Nítorí èyí, mi ò kì í kọ àtúntò mi tán sílẹ̀. Ìyá orin ni mo ń kọ, ní nọ́ńbà bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń kọ ọ́, pẹ̀lú ibi tí mo ti ń fò. Ọmọ ẹ̀kọ́ máa ń bínú pé mo fi ọ̀ṣọ́ pamọ́ fún òun. Mi ò fi nǹkan pamọ́. Ọ̀ṣọ́ tí a kọ sílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń ta bákan náà ti gba etí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta á, etí yẹn sì ni iṣẹ́ náà.

Gbogbo orin sizhu kọ́ ló yẹ fún irú àtúntò yìí. Huan Le Ge dára lórí fáyólìn kan. San Liu náà dára, nítorí pé apá kan wà nínú rẹ̀ tó ń padà wá, tí ènìyàn lè wọ aṣọ mìíràn fún nígbàkúùgbà tó bá yọjú. Xing Jie, tí wọ́n máa ń fi rìn lójú pópó níbi ìgbéyàwó àti àjọ̀dún, apá rẹ̀ tó falẹ̀ dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n apá tó yára kò lẹ́sẹ̀ láìsí pákó àti ìlù. Mo máa ń dúró sí ìdajì. Si He Ru Yi, tó gùn jù nínú àwọn mẹ́jọ náà, tí orin púpọ̀ so pọ̀ nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ ló ni í. Mo ti pinnu pé mi ò ní gbé e kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ fáyólìn ní Èkó àti Ìbàdàn, bí orin yìí bá wù yín, ẹ má fi ìwé bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ohùn ẹgbẹ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀, ẹ má wá ti adáta. Ẹ tẹ̀lé dizi nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ tún padà tẹ̀lé erhu, kí ẹ tún padà tẹ̀lé pipa. Ẹ fi ẹnu kọ Lao Liuban títí yóò fi mọ́ra. Ọjọ́ tí ẹ bá ti lè nawọ́ sí ibi tí erhu ti yà fún dizi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún yín, ẹ lè gbé ọrun.